Omi Níta, Ọ́ìlì Nínú: Títọ́jú Sterndrive Lọ́wọ́ Ara Ẹni

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ojú omi, ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò àtirà á, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn sin ẹlòmíì wá síbí, mo kí gbogbo yín o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lára sterndrive, láìgbé e lọ bá mẹkáníìkì. Mo gbà, àmọ́ mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ èyí tí kò yẹ kéèyàn dán wò pẹ̀lú. Ẹ ó gbọ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní sterndrive. Ẹ́ńjìnnì wà nínú ọkọ̀, lẹ́yìn pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara ti ògiri ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ tó wọ inú omi wà lóde ògiri yẹn, propeller, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ lọ, sì wà nídìí ẹsẹ̀ náà. Agbára ẹ́ńjìnnì á gba inú ihò ògiri jáde, á ṣẹ́rí lọ sísàlẹ̀, á tún ṣẹ́rí lọ sẹ́yìn kó tó dé ọ̀dọ̀ propeller. Ẹsẹ̀ yìí kan náà ló ń yí sọ́tùn-ún sósì láti darí ọkọ̀, òun náà la sì ń fi haidirọ́líìkì, ìyẹn agbára ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì, gbé sókè, gbé sílẹ̀.

Kí wọ́n tó ṣe irú ẹ̀rọ yìí, ẹni tó bá fẹ́ ẹ́ńjìnnì ńlá nínú ọkọ̀ ní láti fara mọ́ ọ̀pá tó dúró sójú kan, tí kò ṣeé gbé sókè nígbà tí omi bá fà. Ẹni tó bá sì fẹ́ èyí tó ṣeé gbé, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni yóò gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ sí. Jim Wynne, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ló pa méjèèjì pọ̀, ilé iṣẹ́ Volvo Penta sì gbé e jáde lọ́dún 1959 pẹ̀lú orúkọ Aquamatic. MerCruiser, ilé iṣẹ́ ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ lé e lọ́dún 1961. Lọ́dún 1982, Volvo Penta tún gbé Duoprop dé, propeller méjì lẹ́yìn ara wọn, tí ọ̀kan ń yí sọ́tùn-ún tí èkejì ń yí sósì. Mo sọ ìtàn náà nítorí pé ohun tí wọ́n yanjú lọ́dún 1959 ló bí wàhálà tí à ń tọ́jú dòní. Kí ẹsẹ̀ tó lè yí, kó sì lè gòkè sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní láti dá ihò ńlá sí ògiri ẹ̀yìn ọkọ̀, ní ìsàlẹ̀ ojú omi. Rọ́bà nìkan ni ohun tó wà láàárín ihò yẹn àti odò.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi gan-an kí n tó máa bá a lọ. Bí ẹ bá yọ ti gíà tó dédé ṣẹ́ kúrò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àìsàn sterndrive tí omi kò lọ́wọ́ sí. Ó lè jẹ́ pé omi wọ ibi tí ọ́ìlì ń gbé, ó lè wọ ibi tí bẹ́ríǹ wà. Ó sì lè jẹ́ pé omi kò dé ibi tó yẹ kó ti máa tu ẹ́ńjìnnì lára, tàbí kí omi iyọ̀ máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá lè máa ṣọ́ omi lọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ohun èlò tó sì nílò kò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ní gùn. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ tú orí bátìrì, ẹ fi nǹkan há táyà tírélà kó má baà yí. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè tí ẹ fẹ́ fi orí tàbí ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi igi tó nípọn tì í. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé haidirọ́líìkì. Síìlì, ìyẹn rọ́bà kékeré tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, ló ń gbé gbogbo ẹrù yẹn dúró, kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí yóò jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọ́ìlì gíà ni mo fẹ́ fi ṣáájú, torí pé ẹni tó bá mọ ọ́ìlì wò kò nílò kí ẹnikẹ́ni máa sọ fún un pé nǹkan ń bàjẹ́. Púpọ̀ nínú ìwé àtọ́nà sọ pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún tàbí lẹ́yìn wákàtí 100 tí ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Irú ọ́ìlì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹsẹ̀ yín bá dárúkọ ni kí ẹ rà. Ọ̀tọ̀ ni ọ́ìlì gíà tí wọ́n ṣe fún ojú omi, torí ó lè gba omi díẹ̀ mọ́ra kó má tíì pàdánù agbára rẹ̀. Ti mọ́tò kò ní irú ìfaradà yẹn.

Ẹ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ délẹ̀. Ẹ wá nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbà jáde. Lára àwọn mìíràn, ẹ ní láti yọ propeller kí ẹ tó lè rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń kánjú, ẹ fara balẹ̀ síbí. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ. Bí ọkọ̀ bá ti wà lójú kan fún ọjọ́ mélòó kan, omi tó bá wà nínú ẹsẹ̀ á ti sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn nọ́ọ̀tì yẹn gan-an. Nítorí náà, ẹ má tíì fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì òkè. Ẹ fi ife tó mọ́ gaara, tí ojú lè rí inú rẹ̀, gbà á nísàlẹ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì náà díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ìwọ̀nba díẹ̀ kán sínú rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kán yẹn ló máa sọ òótọ́ fún yín. Bí ẹ bá ṣí òkè àti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo rẹ̀ dà wììrì sínú báàfù dúdú, omi ife kan lè kọjá lójú yín kí ẹ má rí i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí ti òkè kí ó lè jáde tán. Ẹ fi ìka méjì ra ọ́ìlì náà. Bí ó bá funfun rúsúrúsú bí omi ògì, omi ti pò mọ́ ọn. Bí ó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ooru ti pọ̀ jù fún un, tàbí kó jẹ́ pé ó ti pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ sábà máa ń ní mágínẹ́ẹ̀tì lórí. Ẹ nù ún sórí aṣọ funfun. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá rí bí ẹrẹ̀ eérú tó kúnná, kò sí ìbẹ̀rù níbẹ̀, gíà tó ń fara kan gíà ló ń fa ìyẹn. Bí ẹ bá lè fi èékánná mú èérún irin kan jáde níbẹ̀, gíà tàbí bẹ́ríǹ ti ń ya. Ẹ má tún gbé ọkọ̀ yẹn lọ sójú omi títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi tú u wò.

Àṣìṣe pọ̀ nínú bí a ṣe ń rọ ọ́ìlì tuntun sí i. Ìsàlẹ̀ la ti ń rọ ọ́ sókè. Bí ẹ bá rọ ọ́ láti òkè, afẹ́fẹ́ á há sínú, ẹ ó rò pé ó ti kún nígbà tí kò kún. Ẹ so pọ́ǹpù ọwọ́ mọ́ ihò ìsàlẹ̀, ẹ máa fún un wọlé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa jáde lókè láìsí hóhò kankan nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dí òkè kí ẹ tó yọ pọ́ǹpù nísàlẹ̀. Bí òkè bá ti dí, ọ́ìlì kò ní lè tú jáde kíákíá, ẹ ó sì ráyè fi nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ sípò. Ẹ lo wáṣà tuntun fún nọ́ọ̀tì méjèèjì. Wáṣà yìí kò wọ́n rárá, síbẹ̀ òun ni mo máa ń rí tí àwọn èèyàn ń tún lò ní ìgbà kẹta, ìgbà kẹrin, tí wọ́n á wá máa bèèrè ibi tí omi ń gbà wọlé.

Bí ọkọ̀ yín bá ní ìgò ọ́ìlì gíà nínú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ìgò yẹn á lọ sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, torí afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù ń jáde. Ẹ rọ ọ́ kún. Bí ó bá tún ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ọ́ìlì ń jò síta. Bí ó bá ń kún sí i fúnra rẹ̀, ẹ má yọ̀, omi ló ń wọlé.

Kí ni ká ṣe bí a bá rí omi? Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn pààrọ̀ ọ́ìlì, wọ́n á sì máa bá ìrìn wọn lọ. Ìyẹn kò tún nǹkan kan ṣe. Omi ti rí ọ̀nà, kò ní gbàgbé ọ̀nà náà. Ohun tó yẹ ni pé kí a da ọ́ìlì nù, kí a dí gbogbo ihò, kí a fi pọ́ǹpù kékeré tó ní gééjì fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú ẹsẹ̀ náà. Iye tí ìwé àtọ́nà bá dárúkọ ni kí ẹ fi mọ, torí afẹ́fẹ́ tó bá pọ̀ jù lè ti síìlì tó ṣì dára jáde nípò. Kí a wá wo gééjì bóyá ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ da omi ọṣẹ sí ibi tí ọ̀pá propeller ti jáde, sí ibi tí ọ̀pá gíà ti wọlé, àti sí ojú ibi tí apá òkè ti pàdé apá ìsàlẹ̀. Ẹ máa yí ọ̀pá náà bí ẹ ti ń wò ó, torí síìlì mìíràn kì í jò àfi nígbà tí ọ̀pá bá ń yí. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó, ibẹ̀ ni.

Mo sì lè bá yín dá a pé ìdí propeller ni ẹ ó ti kọ́kọ́ rí i. Okùn ìpẹja tó tín-ín-rín ló sábà máa ń ṣe é. Á wé mọ́ ọ̀pá lẹ́yìn propeller, á máa wọlé sí i bí ó ti ń yí, á yọ́ mọ́ ojú síìlì, á sì gé e. Ojú kò ní rí i láti ìta. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ máa yọ propeller wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí kò tilẹ̀ sí ohun tó ń ṣe é. Ẹ fi igi sáàárín apá propeller àti pẹpẹ irin tó wà lókè rẹ̀ kó má baà yí, ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ fà á jáde. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ fi gíríìsì ojú omi pa eyín ọ̀pá náà dáadáa. Gíríìsì tó ní graphite kò dára níbẹ̀, torí ó ń mú kí àlùmíníọ̀mù tètè jẹ.

Mo dé orí rọ́bà wàyí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ pẹ́ sí jù.

Bellows la ń pe rọ́bà ńlá tó ká léra wọn, tó lè gùn, tó sì lè sún kì, tó bo ọ̀pá àti kúrọ́ọ̀sì (oríkèé irin tó lè ṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀gbẹ́) tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹsẹ̀. Ọ̀kan wà fún èéfín lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Òmíràn, tó kéré gan-an, wà fún wáyà tí a fi ń yí gíà. Ti èéfín kì í sábà ri ọkọ̀. Ti kúrọ́ọ̀sì àti ti wáyà gíà ló lè rì í, èyí kékeré ni èèyàn sì máa ń gbàgbé, torí ó fara pamọ́.

Bí bellows bá ya, ọkọ̀ kì í sábà rì lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn gan-an ló sì ń tan èèyàn jẹ. Omi á kọ́kọ́ kún inú rọ́bà náà. Kúrọ́ọ̀sì á máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, gíríìsì á fọ̀ dànù, bẹ́ríǹ gimbal tó gbé ọ̀pá náà dúró á dípẹtà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ ìró kan tó ń kùn hùn-ún nígbà tí ẹ bá yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì, tí yóò sì dákẹ́ nígbà tí ẹ bá ń lọ tààrà. Omi á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú bẹ́ríǹ wọnú ọkọ̀. Pọ́ǹpù ìsàlẹ̀ ọkọ̀ á máa fà á dànù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọjọ́ tí bátìrì bá kú, tí kò sí èèyàn nínú ọkọ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n á pe yín lórí fóònù.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè dé òkè, ẹ fi igi tì í, ẹ yí i sí apá kan pátápátá. Àwọn ìṣẹ́po rọ́bà á là ní apá kejì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì ya ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ìsàlẹ̀ kòtò rẹ̀. Orí ìṣẹ́po kọ́ ni ó ti máa ń ya, inú kòtò ni, níbi tí rọ́bà ti ń ṣẹ́ tó ń nà lójoojúmọ́. Bí ẹ bá rí ìlà wẹ́wẹ́ bí ojú ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ má dúró de ihò. Ẹ yí ẹsẹ̀ sí apá kejì, ẹ ṣe bákan náà. Ẹ wo kílíìpù tó so ó lórí méjèèjì bóyá ó ti dípẹtà. Bí ọkọ̀ bá ń gbé inú omi òkun, ìkarawun wẹ́wẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ lè hù sínú kòtò náà. Ó mú bí abẹ, ìgbàkígbà tí ẹsẹ̀ bá sì gòkè ló ń gé rọ́bà díẹ̀ sí i.

Ẹnìkan máa bèèrè pé báwo ni rọ́bà ṣe lè pẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti wà lórí tírélà nílé, ẹ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ délẹ̀. Rọ́bà á nà, kò ní ṣẹ́ sójú kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé e sókè fún oṣù mẹ́fà torí ó dùn ún wò bẹ́ẹ̀, rọ́bà á wá mọ ìṣẹ́ yẹn lára, ọjọ́ tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ ló ń ya. Ẹsẹ̀ tó bá wà nísàlẹ̀ tún máa ń jẹ́ kí omi inú rẹ̀ sun jáde, èyí tó ṣe pàtàkì púpọ̀ níbi tí òtútù ti ń sọ omi di yìnyín, torí yìnyín máa ń la irin.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ bellows, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò lára ọkọ̀. Iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe nílé, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹsẹ̀ wúwo, bí ó bá sì já lulẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ṣẹ́. Ẹ fi nǹkan tó lágbára gbé e dúró. Ẹ yọ ọ̀pá trim méjèèjì, ìyẹn ọ̀pá haidirọ́líìkì tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irú ẹsẹ̀ MerCruiser tí wọ́n ń pè ní Alpha, ẹ fi gíà sí iwájú kí ẹ tó fà á, kí ibi tí gíà ti so kọ́ra lè yọ láìfagbára. Nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló mú un mọ́ ọkọ̀. Ẹ tú wọn, ẹ fà á sẹ́yìn tààrà. Bí kò bá jáde, ẹ má ṣe fi irin gún un láàárín ojú àlùmíníọ̀mù méjì. Ọ̀pá ló ti dípẹtà mọ́ inú bẹ́ríǹ. Ẹ fún un ní oògùn ìpẹtà, ẹ ní sùúrù, ẹ máa mì í díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó bá ti jáde, ẹ ti ìka kan bọ inú bẹ́ríǹ gimbal, ẹ yí i. Ó gbọ́dọ̀ yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsí ìró, láìsí pé ó ń kọ́ lọ́wọ́. Ẹ yí kúrọ́ọ̀sì sí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá ń há ní ibì kan, tàbí tí ẹ bá rí ìyẹ̀fun pupa létí rẹ̀, ẹ yọ ọ́ dànù. Ní tèmi o, ẹni tó bá ti fa ẹsẹ̀ jáde nítorí rọ́bà tó ti ya, kó pààrọ̀ bẹ́ríǹ náà. Iṣẹ́ fífà á jáde pọ̀ ju owó bẹ́ríǹ lọ, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ tún un fà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ ń fò. Ọ̀pá irin gígùn kan wà tí wọ́n ṣe láti fi wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ bára wọn tò. Ẹ lè yá a lò, kò dìgbà tí ẹ bá rà á. Ẹ fi gíríìsì fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ pa orí rẹ̀, ẹ tì í gba inú bẹ́ríǹ gimbal kọjá wọ inú coupler, ìyẹn ìsopọ̀ onírọ́bà tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, tí ọ̀pá ẹsẹ̀ ń wọ̀. Ìka méjì ló yẹ kó tì í wọlé, ìka méjì náà ló yẹ kó fà á jáde. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ wo ojú gíríìsì. Bí àmì eyín coupler bá hàn yí ká lọ́gbọọgba, ó tò. Bí ó bá jinlẹ̀ lókè tí kò sì fara kan ìsàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti ga jù tàbí ó ti lọ sílẹ̀ jù, ẹ óò tún ẹsẹ̀ ìjókòó rẹ̀ tó wà níwájú ṣe. Ẹni tó bá fo èyí á lọ pààrọ̀ coupler láìpẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ sún ẹ́ńjìnnì kúrò nípò rẹ̀ kí ọwọ́ tó lè tó coupler.

Nígbà tí ẹ bá ń dá ẹsẹ̀ padà, ẹ lo o-ring (rọ́bà roboto tó ń dí ojú ìsopọ̀) tuntun, ẹ fi gíríìsì pa eyín ọ̀pá. Ẹ fi sípánà tó ń díwọ̀n agbára de nọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ti Alpha àti Bravo, irú ẹsẹ̀ MerCruiser méjì, jẹ́ 50 lb-ft, ìyẹn 68 Nm. Ẹ máa dè wọ́n díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀kan lọ sí èyí tó dojú kọ ọ́, kí ẹ má de ọ̀kan tán kí ẹ tó kan èkejì.

Èyí tó kù kò ní gbà wá lásìkò tó bẹ́ẹ̀. Impeller ni rọ́bà onápá tó ń fa omi wọlé láti tu ẹ́ńjìnnì lára. Inú ẹsẹ̀ ló wà lára Alpha. Lára Bravo, ó wà lára ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì ló sì sábà máa ń yí i. Omi tó ń fà náà ló ń jẹ́ kó máa yọ̀. Bí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì láìsí omi, kódà fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, ó ti ń jóná nìyẹn. Tí ẹ bá ń yọ ọ́, ẹ ka apá rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti já, kò tíì parí bí ẹ bá fi tuntun síbẹ̀. Apá tó já náà ti lọ há síbì kan nínú ọ̀nà omi, ẹ ní láti wá a rí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ́ńjìnnì á ṣì máa gbóná, ẹ ó sì máa dá impeller tuntun lẹ́bi. Bí ẹ bá ti fi tuntun sípò, ẹ má yí i padà sẹ́yìn, torí apá rẹ̀ ti ṣẹ́ sí apá ibi tí yóò máa yí sí.

Ní ti anode, ìyẹn irin tí a fi rúbọ kí ẹsẹ̀ má baà jẹ, omi tí ẹ ń lò ló máa sọ irú tí ẹ ó rà. Síǹkì tàbí àlùmíníọ̀mù wà fún omi òkun. Àlùmíníọ̀mù dára fún ibi tí omi iyọ̀ àti omi odò ti pàdé. Magnesium wà fún omi odò tí kò ní iyọ̀. Bí ẹ bá gbé magnesium lọ sínú òkun, kíákíá ló máa tán. Bí ẹ bá sì lo síǹkì nínú odò, á kàn máa dúró níbẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ni omi á máa jẹ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti jẹ dé ìdajì. Ẹ má kùn ún lọ́dà. Ọ̀dà tó ní bàbà nínú, tí wọ́n fi ń lé ìkarawun, kò gbọ́dọ̀ kan ẹsẹ̀ àlùmíníọ̀mù rárá. Àwọn wáyà kéékèèké tó so apá kan ẹsẹ̀ mọ́ ìkejì kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Bí ọ̀kan bá já, apá tó so mọ́ ti bọ́ kúrò lábẹ́ ààbò anode.

Ní ti trim, ẹ máa wo ọ́ìlì rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá rọ ọ́ kún nígbà tí ẹsẹ̀ wà lókè, á kún àkúnwọ́sílẹ̀ nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀.

Àìsàn kan wà tí èèyàn sábà ń ṣì mọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ké sókè, ọkọ̀ kò lọ. Ohun méjì ló sábà ń fà á, coupler inú ọkọ̀ tàbí rọ́bà inú propeller tó ti ń yọ̀. Ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ ńlá, èkejì jẹ́ iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan tààrà láti orí ọ̀pá lọ sí ara irin propeller. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sójú omi, ẹ fún un ní agbára díẹ̀, ẹ gbé e bọ̀. Bí ìlà náà bá ti yà, tí apá kan kò dojú kọ ìkejì mọ́, rọ́bà propeller ló ń yọ̀. Bí ìlà bá ṣì tò, tí ẹ sì ń gbóòórùn rọ́bà tó jóná nínú ibi tí ẹ́ńjìnnì wà, coupler ni.

Mo ṣèlérí láti sọ ohun tí kò yẹ ká dán wò. Inú gíà ni. Bí gíà kan ṣe ń jókòó mọ́ ìkejì, wáṣà tín-ín-rín ni wọ́n fi ń wọn àlàfo tó wà láàárín wọn, ó sì nílò irinṣẹ́ tí èèyàn kò ní rà fún ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ṣí i, tó tò ó padà bó ṣe wù ú, á gbọ́ ìró rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ gbé èyí fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Èkejì ni ẹ̀yà ara mọ́tò. Alternator mọ́tò àti ti ọkọ̀ ojú omi jọra lójú, ti mọ́tò sì dín owó. Ìyàtọ̀ wọn ni pé wọ́n ṣe ti ojú omi kí iná tó bá ṣẹ́ nínú rẹ̀ má lè ran èéfín epo tó wà lóde rẹ̀. Bákan náà ni starter, distributor àti pọ́ǹpù epo. Èéfín epo bẹntiróò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń gbára jọ sí, kò sì ní ibi tí yóò gbà jáde bí ti abẹ́ mọ́tò. Mo ti gbọ́ gbogbo àwíjàre lórí owó tó wọ́n, mi ò gba ọ̀kankan.

Ìbéèrè tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí mi kí n tó gun orí pẹpẹ ni pé, báwo la ṣe ń dán an wò nílé nígbà tí iṣẹ́ bá parí? Ẹ fà á síta gbangba, kì í ṣe inú gáráàjì, torí gáàsì carbon monoxide tó wà nínú èéfín ẹ́ńjìnnì kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn. Ẹ tan fáànù tó ń fẹ́ èéfín jáde kúrò níbi ẹ́ńjìnnì, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ fi ohun èlò onírọ́bà méjì há ojú ihò tí omi ń gbà wọlé lára ẹsẹ̀, ẹ so họ́ọ̀sì mọ́ ọn, ẹ kọ́kọ́ ṣí omi kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ propeller. Ẹ máa wo gééjì ooru, ẹ máa wò ó bóyá omi ń jáde pẹ̀lú èéfín.

Bí ìyẹn bá dára, ó ku ti rọ́bà, họ́ọ̀sì kò sì lè dán ìyẹn wò. Ẹ gbé ọkọ̀ sínú omi, kí tírélà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, kí okùn ṣì so ó. Ẹ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí inú ògiri ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ coupler, àti sí ojú ibi tí wáyà gíà ti wọlé. Ẹ pa pọ́ǹpù ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kó má baà fi nǹkan pa mọ́ fún yín. Ẹ dúró tì í fún bí ìdajì wákàtí. Bí omi bá ń sun, ẹ fà á jáde. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, ẹ tan pọ́ǹpù padà, ẹ tú okùn.